Ọ̀rẹ́ Kì í Ṣe Ẹrú: Ìdí Tí Tọ́kì Fi Kọ̀ fún Amẹ́ríkà ní 2003

 

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kí ìrun Jímọ̀ tán, àwa bíi mẹ́fà dúró sí abẹ́ igi tí ó wà lẹ́bàá mọ́sáláṣí wa, ọ̀rọ̀ ogun ni a sì ń sọ. Alhaji kan tí ó ń ta aṣọ bi mí ní ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, "Ìwọ tí o ń kọ̀wé sínú ìwé ìròhìn, ṣàlàyé èyí fún wa. Bí Amẹ́ríkà bá fẹ́ lọ jagun, àwọn tí wọ́n ti ń pè é ní ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ a máa fà sẹ́yìn. Irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?" Kí n tó la ẹnu, ẹlòmíràn ti dáhùn. Ó ní, "Bí àwọn Tọ́kì ti ṣe ní ìgbà ogun Ìráàkì nìyẹn. Wọ́n kọ̀ nítorí pé Mùsùlùmí kì í bá Mùsùlùmí jà." Gbogbo wọn sì gbà fún un.

Èmi nìkan ni n kò gbà. Kì í ṣe pé ìdáhùn náà kò dùn létí. Ó dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn létí lè má jẹ́ òtítọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò tí ó bá fi ìròhìn tí kò pé ra ọjà, àdánù ni yóò fi tà á. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an, kí gbogbo wa lè jọ gbé e yẹ̀ wò.

ÀDÉHÙN NÍ ÌWỌ̀N

Ọ̀rẹ́ Tọ́kì àti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà ní 1950, Tọ́kì rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà lọ síbẹ̀, wọ́n bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jà lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ju 700 nínú wọn ni kò sì padà wálé mọ́. Ní 1952 ni Tọ́kì wọ ẹgbẹ́ NATO, èyí tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù dá sílẹ̀ pẹ̀lú Kánádà ní 1949. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo pápá Incirlik ní gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Tọ́kì kò mọ ọ̀rẹ́ í ṣe, kò mọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rẹ́ náà dá lé lórí? Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Bí iná bá jó ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dá owó jọ. Bí olè bá wá kó ọjà rẹ̀ lóru, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dìde. Òfin ẹgbẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ náà bá dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó ní òun ń lọ ká ẹnì kan mọ́ ìsọ̀ ní ọjà mìíràn, ibo ni ó wà nínú ìwé òfin pé kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé kùmọ̀ tẹ̀ lé e? Ó lè bẹ̀ wá. Ó lè fi owó lọ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò lè pè é ní gbèsè tí a jẹ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé àdéhùn NATO rí. Ó sọ pé bí wọ́n bá kọlu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ní Àríwá Amẹ́ríkà, bí ẹni pé gbogbo wọn ni wọ́n kọlù ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì lo ẹsẹ̀ òfin yìí: ní oṣù Kẹsàn-án 2001, lẹ́yìn tí àwọn apániláyà kọlu New York àti Washington. Ní ìgbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ kò fà sẹ́yìn. Tọ́kì pàápàá rán sójà lọ sí Afganístánì.

Ní 2003, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìráàkì kò kọlu Amẹ́ríkà. Ààrẹ George W. Bush ni ó sọ pé Saddam Hussein kó àwọn ohun ìjà burúkú pamọ́, àti pé a kò gbọ́dọ̀ dúró dè é. Nígbà tí ogun ti kọjá, àwọn olùwádìí tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rán lọ wá àwọn ohun ìjà náà kò rí wọn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn wọn ní 2004. Ohun tí Amẹ́ríkà wá bá Tọ́kì fún nígbà náà kì í ṣe gbèsè àdéhùn. Ìbéèrè tuntun ni.

EJÒ TI BÙ WỌ́N JẸ RÍ

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Kí a tó dé 2003, ó yẹ kí a padà sí 1990.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Saddam Hussein gba ilẹ̀ Kùwéètì. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má bá Ìráàkì ṣòwò mọ́. Turgut Özal ni ààrẹ Tọ́kì nígbà náà, ó sì yára gba ti Amẹ́ríkà. Ó ti ọ̀pá tí ń gbé epo rọ̀bì Ìráàkì gba ilẹ̀ Tọ́kì kọjá sí etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni owó ńlá ni Tọ́kì ń rí lórí ọ̀pá náà. Ó jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà gbéra láti Incirlik lọ ju bọ́ǹbù sí Ìráàkì ní 1991. Ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun Tọ́kì, Necip Torumtay, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1990 nígbà tí òun àti ààrẹ kò fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni èrè rẹ̀? Ìráàkì ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ńlá tí Tọ́kì ní. Ẹnu ibodè Habur, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń tò lọ rẹrẹ, wá dá páropáro. Awakọ̀ tí ó ti fi gbèsè ra ọkọ̀ kò rí ẹrù gbé. Ẹni tí ń ta oúnjẹ fún awakọ̀ kò rí ẹni tí yóò jẹun. Ẹni tí ń tún táyà ṣe jókòó lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ibodè, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún yín. Lẹ́yìn ogun, àwọn Kurd ti àríwá Ìráàkì dìde sí Saddam, ó fi ìbọn lé wọn, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn sì sá gba orí òkè lọ sí ẹnu ibodè Tọ́kì nínú òtútù, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Má bá a ṣòwò tí wọ́n ní kò ní pẹ́ wá di ohun ọdún méjìlá. Àwọn ìjòyè Tọ́kì máa ń sọ pé ohun tí àwọn pàdánù tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, pé ohun tí wọ́n rí gbà padà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí àlejò bá jẹ gbèsè lọ, tí ó tún padà wá ní ọdún kejìlá pé kí o tún tà fún òun láwìn, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bi í?

OHUN TÍ AMẸ́RÍKÀ BÉÈRÈ

Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà fẹ́ wọ Ìráàkì láti ọ̀nà méjì, láti gúúsù gba Kùwéètì, àti láti àríwá gba Tọ́kì. Fún ìdí èyí, wọ́n fẹ́ kí Tọ́kì gba 62,000 sójà òkèèrè, ọkọ̀ òfúrufú 255 àti hẹlikópítà 65 sí ilẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọkọ̀ ojú omi tí ó kó ẹrù ogun ti wà lórí Òkun Mẹditaréníà, ó ń dúró de àṣẹ.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Kì í ṣe pé agbára ìbọn Amẹ́ríkà kò tó. Orílẹ̀-èdè alágbára kì í wá ọ̀rẹ́ lójú ogun nítorí ìbọn. Ohun méjì ni ó ń wá: ilẹ̀ tí yóò gbà kọjá, àti ẹlẹ́rìí tí yóò jẹ́ kí ayé rí i pé òun nìkan kọ́ ni òun ń jà. Lọ́wọ́ Tọ́kì, ó ń wá méjèèjì: ilẹ̀ Tọ́kì bá Ìráàkì pààlà, Mùsùlùmí sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Wọ́n fi owó lọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìná-n-tà púpọ̀, ó dúró sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 6 dọ́là ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n lè lo apá kan rẹ̀ láti fi yá owó tí ó tó bílíọ̀nù 24. Tọ́kì ní ìdí láti ná owó náà dáadáa, nítorí ní 2001 ni ọrọ̀ ajé rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, tí ó sì ń gba owó ìrànwọ́ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán kan nínú ìwé ìròhìn Amẹ́ríkà fi àwọn Tọ́kì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n yà wọ́n bí alájàpá tí ń fi ọ̀rẹ́ pawó. Èyí dun àwọn ará Tọ́kì wọ egungun. Ẹni tí ó pe owó wá sí ìdí ọ̀rọ̀ náà tún ń fi ẹni tí ó ná an rẹ́rìn-ín!

ÌBÒ 264, ÌBÒ 250

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2003, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Tọ́kì jókòó ní Ankara. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ní ìta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kún ìgboro, wọ́n ń pariwo pé àwọn kò fẹ́ ogun. Ẹgbẹ́ òṣèlú AKP ni ó ń ṣe ìjọba, Abdullah Gül sì ni olórí ìjọba. Recep Tayyip Erdoğan ni olórí ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ilé aṣòfin nígbà náà. Nínú ìdìbò oṣù Kọkànlá 2002, ẹgbẹ́ yìí gba ìjókòó 363 nínú 550. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó gbé àbá náà wá. Ta ni yóò rò pé kò ní kọjá?

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, 264 ní kí wọ́n jẹ́ kí Amẹ́ríkà wọlé, 250 ní rárá, 19 kò gbè sí ibì kankan. Ìròyìn kọ́kọ́ kọjá káàkiri ayé pé Tọ́kì ti gbà. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wọn sọ pé àbá kò lè kọjá àfi bí àwọn tí ó fọwọ́ sí i bá ju ìdajì gbogbo ẹni tí ó wà ní ìjókòó. Ẹni 533 ni ó wà níbẹ̀. Ìbò 267 ni wọ́n nílò. Ó ku mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni pọ̀ ju àwọn tí ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, síbẹ̀ ẹni mẹ́ta péré ni ó yí ọ̀nà ogun ńlá padà. Bí a bá sì wo ìjókòó ẹgbẹ́ ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbò 264, a ó rí i pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni kò tẹ̀ lé ìjọba tiwọn. Àwọn mìíràn ní rárá, àwọn mìíràn dákẹ́, àwọn mìíràn kò wá.

ṢÉ NÍTORÍ Ẹ̀SÌN NI?

Níbí ni mo ti fẹ́ dá ará wa tí ó dáhùn lábẹ́ igi lóhùn. N kò sọ pé ẹ̀sìn kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn jẹ́ ẹni tí ń kírun, kò sì rọrùn fún wọn láti ṣílẹ̀kùn kí bọ́ǹbù máa bọ́ lu aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni, báwo ni a ó ti ṣe àlàyé Kùwéètì, níbi tí sójà Amẹ́ríkà ti gbéra wọ Ìráàkì? Báwo ni a ó ti ṣe àlàyé Qatar, níbi tí àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà ti jókòó darí ogun náà, àti Bahrain, tí ó jẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun wọn? Ilẹ̀ Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Ní ìdà kejì, Faransé kọ̀, Jámánì kọ̀, Kánádà kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ilẹ̀ Mùsùlùmí.

Ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn Tọ́kì pọ̀. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ ogun náà. Ààrẹ wọn, Ahmet Necdet Sezer, sọ pé kò yẹ kí àwọn lọ́wọ́ sí i bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò bá fọwọ́ sí i. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí Ìráàkì bá fọ́, àwọn Kurd ti àríwá yóò dá ilẹ̀ tiwọn sílẹ̀, èyí yóò sì ru àwọn Kurd inú Tọ́kì sókè. Wọ́n sì rántí Habur. Àìfẹ́ ará ìlú, òfin, ẹ̀rù, gbèsè àtijọ́ àti ẹ̀rí ọkàn, gbogbo wọn ni ó wà nínú ìbò 250 náà.

Kì í sì í ṣe Tọ́kì ni ó kọ́kọ́ ṣe irú èyí. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam, Ààrẹ Lyndon Johnson fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rán sójà wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀. Harold Wilson ni olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Owó pọ́n-ùn ń mì, Amẹ́ríkà ni ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ó má baà wó. Síbẹ̀ Wilson kò rán ọmọ ogun kankan lọ. Kò bú Amẹ́ríkà, kò sì já okùn ọ̀rẹ́. Ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ tùtù dá a lóhùn títí. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ọsirélíà rán tirẹ̀ lọ, ó sì sin ju 500 nínú wọn.

ÌKỌ̀ NÍ OWÓ TIRẸ̀

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìkọ̀ náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ọjà ìpín ìdókòwò ní Istanbul já wálẹ̀ gidigidi. Owó ńlá tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n lọ. Àwọn ọkọ̀ ojú omi gba Suez yí ká lọ sí Kùwéètì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ogun bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé aṣòfin Tọ́kì sì gbà kí ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà máa fò kọjá lórí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn sójà Amẹ́ríkà mú sójà Tọ́kì 11 ní Sulaymaniyah ní àríwá Ìráàkì, wọ́n fi àpò bò wọ́n lórí bí ọ̀daràn kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Títí di òní, àwọn ará Tọ́kì kò gbàgbé ìtìjú náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkọ̀ náà kò dá ogun dúró. Bọ́ǹbù bọ́ sí Baghdad gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pinnu, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì kú. Ẹni tí ó bá ń fi Tọ́kì yangàn gbọ́dọ̀ sọ èyí náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo owó tí ẹni tí ó gbà san. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2003, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi ìbò 412 borí 149, Tony Blair sì rán àwọn ọmọ ogun lọ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 179 ni ó kú ní Ìráàkì. Ní 2016, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Sir John Chilcot jẹ́ alága rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n gbéra ogun náà, wọn kò tíì lo gbogbo ọ̀nà àlàáfíà tán. Ọdún mẹ́tàlá kọjá kí wọ́n tó gbọ́ èyí, àwọn òkú sì ti jẹrà. Tọ́kì pàdánù owó àti iyì. Kò pàdánù ọmọ ní ojú ogun yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì wà nínú NATO di òní.

ÌDÁHÙN MI FÚN ALHAJI

Alhaji, o bi mí pé irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn. Ìdáhùn mi rè é. Ọ̀rẹ́ tí ó gbà fún ọ ní ohun gbogbo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹrú ni, tàbí kí ó jẹ́ ẹni tí ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ẹni tí yóò dìde nígbà tí iná bá jó ìsọ̀ rẹ, tí yóò sì ní ìgboyà láti sọ fún ọ pé "Èyí tí o fẹ́ lọ ṣe yìí, n kò bá ọ lọ." Àwọn àáfà wa náà ń wàásù rẹ̀ fún wa pé ìrànlọ́wọ́ tí a lè ṣe fún arákùnrin wa tí ó fẹ́ ṣe àbòsí ni kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí a ka ibi tí ó parí sí. Kí a má ṣe fi àánú tàbí ìbẹ̀rù sọ ọ́ di gígùn ju bí a ti kọ ọ́ lọ. Bí a ó bá sì kọ̀, kí a ti ka owó tí ìkọ̀ náà yóò ná wa, kí a sì gbà láti san án láìráhùn. Ẹni mẹ́ta péré ni ó kù kí Tọ́kì gbà. N kò mọ orúkọ àwọn mẹ́ta náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ kàn wọ́n nínú 250. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé olúkúlùkù wọn ti lè rò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé ohùn òun nìkan kò já mọ́ nǹkan.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tí a ó bá ọ̀rẹ́ lọ, àti ìgbà tí a ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àmín. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.